Ọdún tó burú ni ògiri ń rántí: ìdáhùn lórí fáìlì ojú ọjọ́ fún ìṣirò iná àti ọ̀rinrin ilé

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ayàwòrán ilé ni mí. A fi ètò kọ̀ǹpútà ṣírò iye iná tí ilé alájà mẹ́rin kan ń jẹ. Fáìlì ojú ọjọ́ EPW tí a rí gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì la lò, èsì rẹ̀ sì bá ohun tí mítà iná ń sọ mu. Mo wá gbé fáìlì kan náà yẹn sínú ìṣirò ọ̀rinrin fún ògiri rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ògiri gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n nínú ilé gan-an, ọ̀dà ti ń bó ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ògiri inú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn sì ti ń bu. Ṣé ètò kọ̀ǹpútà ló ń purọ́ ni, àbí èmi ni mo ṣe é sódì?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ "ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo" sínú ìbéèrè yín, torí òun ló jẹ́ kí n mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kò purọ́. Ohun tí ẹ fún un ló kà. Fáìlì tí ẹ fún un ni wọn kò ṣe nítorí ògiri. Nítorí iná ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tí àwọn tó to fáìlì yẹn fẹ́ mọ̀ ni bí oòrùn àti ooru ṣe máa ń rí lọ́dún tí kò lé, tí kò dín. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ kì í ba ògiri jẹ́. Ọdún tó burú ló ń bà á jẹ́, ọdún yẹn kò sì sí nínú fáìlì yín.

Ẹ jẹ́ ká tú fáìlì náà wò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní TMY, ìyẹn ọdún ojú ọjọ́ àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Sandia ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ lọ́dún 1978, TMY2 àti TMY3 sì tẹ̀ lé e. Wọ́n á kó àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ jọ síbì kan. Wọ́n á to gbogbo oṣù kìíní tó wà nínú rẹ̀ síwájú, wọ́n á yan ẹyọ kan tó jọ gbogbo ìyókù jù lọ. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kejì, títí dé oṣù kejìlá. Nítorí náà, oṣù kìíní inú fáìlì yín lè jẹ́ ti ọdún 1996, kí oṣù kejì jẹ́ ti 2003, kí ẹ̀kẹta padà sí 1991. Ibi tí oṣù méjì ti pàdé, wọ́n á fi wákàtí mẹ́fà lápá ọ̀tún àti mẹ́fà lápá òsì dán ojú ìsopọ̀ náà kó má baà fò sókè lójijì. Ọdún tó jáde níbẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ayé yìí. Èyí kò burú fún iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ oṣù tó jọ ìyókù jù? Máàkì ni wọ́n ń fún un. Nínú máàkì 20 tí TMY3 ń pín, oòrùn nìkan gba 10. Ìgbóná afẹ́fẹ́ gba 4, ìwọ̀n ìgbóná tí ìrì ti ń sẹ̀ gba 4, atẹ́gùn gba 2. Ẹ ro ó pọ̀: ó ti pé 20, òjò kò sì tíì gba nǹkan kan. Ìlànà ISO 15927-4 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù náà kì í fi òjò yan oṣù. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí iye iná tí ilé ń jẹ padà, kò sì sídìí tí wọ́n á fi jẹ́ kó pinnu oṣù tí wọ́n máa mú.

Ẹ ṣí fáìlì yín báyìí, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́ jẹ́ àlàyé nípa ibi tí àkọsílẹ̀ náà ti wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà 8,760, ìlà kan fún wákàtí kan, òpó 35 sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Òpó 34 ni òjò. Nínú ọ̀pọ̀ fáìlì EPW tó wà níta, òpó yẹn jẹ́ òdo láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí kó jẹ́ 999, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "a kò ní àkọsílẹ̀". Mo fura gidigidi pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí. Ògiri tí òjò kò rọ̀ sí lára fún ọdún gbáko, báwo ló ṣe máa rin? Ẹ má sì jẹ́ kí òpó 29 tàn yín jẹ o. Orúkọ rẹ̀ jọ ti òjò, ṣùgbọ́n gbogbo omi tó wà lójú òfurufú láti ilẹ̀ dé òkè ló ń sọ, bó rọ̀, bí kò rọ̀. Mo ti rí ẹni tó fi òpó yẹn ṣe òjò, tí ògiri rẹ̀ wá rin tọ̀sán-tòru nínú kọ̀ǹpútà.

Ká wá ní òjò tiẹ̀ wà nínú fáìlì TMY yín. Kò tíì tán. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ooru àti omi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti pẹ́ nídìí ìṣirò iná kì í tètè rí. Ooru tí yàrá gbà lónìí, bó bá pẹ́ jù, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti jáde. Yàrá kì í rántí oṣù tó kọjá. Ògiri ń rántí. Omi tó wọ inú bíríkì tàbí kọ́ńkéré lè lo oṣù púpọ̀ níbẹ̀ kó tó jáde, bó bá sì ku díẹ̀ kó gbẹ tí òmíràn tún dé, orí ti àná ló máa gùn. Ohun tó ń ba ògiri jẹ́ ni kí oṣù mẹ́ta tó rin tẹ̀ léra wọn, kí oòrùn má ráyè yọ dáadáa láàárín wọn. Nínú TMY, wọ́n ti já okùn yẹn. Oṣù tó rin láti 1996 wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù tó tẹ̀ lé e ti wá láti ọdún mìíràn, ó sì mú oòrùn tirẹ̀ bọ̀. Ògiri inú kọ̀ǹpútà ń rí ìsinmi tí ògiri gidi kò rí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlànà tó wà fún ọ̀rinrin fi ń béèrè ohun mìíràn. EN 15026 ti Yúróòpù, tó jáde lọ́dún 2007, àti ASHRAE 160 ti Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2009, fi ọ̀nà méjì síwájú wa: ẹ lo ó kéré tán ọdún mẹ́wàá gidi, tàbí ẹ lo ọdún kan tí wọ́n dìídì yàn nítorí bó ṣe le tó, irú èyí tí ògiri lè bá pàdé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá. Tí ẹ bá bi mí, ọdún mẹ́wàá gidi ni kí ẹ mú. Ọdún tó le fún ògiri kan lè má le fún òmíràn. Ògiri bíríkì tí kò ní pílásítà, òjò ló ń bà á jẹ́, ọdún òjò ló sì máa ń le fún un. Ògiri onígi tí wọ́n fi ohun ìdènà ooru kún inú rẹ̀, ní ibi tó tutù, ọ̀tá rẹ̀ ni ọ̀rinrin tó ń ti inú ilé jáde lọ bá ojú tútù lóde. Ọdún òtútù ló ń le fún òun. Ẹni tó bá fi ọdún kan ṣoṣo dán méjèèjì wò, ó dájú pé ó máa ṣi ọ̀kan wò. Kọ̀ǹpútà òde òní sì lè ṣírò ọdún mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà, kò sí àkókò tí ẹ ń jèrè bí ẹ bá lo ọdún kan ṣoṣo.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yẹn. Òjò tí ibùdó ojú ọjọ́ ń kọ sílẹ̀ ni èyí tó bọ́ sínú ohun ìwọ̀n tó la ẹnu sókè. Ògiri kò la ẹnu sókè. Òòró ló dúró. Bí òjò bá ń rọ̀ láìsí atẹ́gùn, ògiri lè má rí ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Atẹ́gùn ló ń gbé òjò lu ògiri. Ọ̀nà ìṣirò tó rọrùn jù fún un ni kí ẹ fi ìwọ̀n òjò ní mìlímítà sọ iye ìyára atẹ́gùn ní mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan di púpọ̀, kí ẹ tún fi 0.2 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ wò ó: òjò mìlímítà 5 rọ̀ ní wákàtí kan, atẹ́gùn ń fẹ́ ní mítà 2. Ohun tó lu ojú ògiri tó kọjú sí atẹ́gùn náà gan-an, lórí mítà kan níbùú lóòró, jẹ́ lítà 2. Bí òjò kan náà bá rọ̀ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní mítà 8, ó di lítà 8. Lítà 5 péré ló bọ́ sí irú àyè kan náà nílẹ̀. Ògiri wá ń gba omi ju ilẹ̀ lọ!

Gbangba ìta tí ilé kankan kò sí ni 0.2 yẹn wà fún. Lára ilé, atẹ́gùn máa ń yà lọ sọ́tùn-ún àti sósì, ó sì ń fa ọ̀pọ̀ ẹ̀kán òjò tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ní àárín ojú ògiri ilé tí kò ga, iye yẹn lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.07. Ẹ̀bá òrùlé àti igun òkè ló ń jìyà jù. Ẹ lọ wo ilé yín tó ń bó ọ̀dà yẹn: bó bá jẹ́ láti igun òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òjò àti atẹ́gùn lẹ ti ń rí yẹn.

Igun tí atẹ́gùn ti wá tún ń kó ipa. Bí ògiri bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí atẹ́gùn sì ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn bọ̀, dígírì 45 ló fi yà, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún omi yẹn ló máa lù ú. Bó bá ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ẹ̀yìn ilé ló ń fẹ́ sí, ògiri ìwọ̀-oòrùn á wà ní gbígbẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání níbí ni pé ibi tí atẹ́gùn sábà ń fẹ́ láti ọdún dé ọdún lè yàtọ̀ pátápátá sí ibi tó ti ń fẹ́ nígbà tí òjò ń rọ̀. Ẹ má wo àwòrán atẹ́gùn gbogbo ọdún kí ẹ sì sọ pé ẹ ti mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa rin. Ẹ yọ àwọn wákàtí tí òjò rọ̀ nìkan sọ́tọ̀, ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ yẹn fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro ó pọ̀ fún ojú ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni nínú Excel. Ilé mélòó kan ti wà tí mo kàn ṣe èyí, tí n kò tíì tan ètò ìṣirò ọ̀rinrin kankan, tí ẹ̀gbẹ́ tó ń bu sì ti hàn kedere.

Bí ẹ bá fẹ́ pa àkọsílẹ̀ pọ̀, bóyá láti orí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá sí wákàtí kan, ẹ ṣọ́ra fún òpó ìdojúkọ atẹ́gùn. Dígírì 350 jẹ́ àríwá, dígírì 10 náà jẹ́ àríwá. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: 180 ló máa jáde, gúúsù nìyẹn. Ẹ ti gbé òjò kúrò níwájú ilé lọ sí ẹ̀yìn ilé, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ nǹkan kan. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú atẹ́gùn sí apá àríwá-gúúsù àti apá ìlà-ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ pín ìkọ̀ọ̀kan dọ́gba, kí ẹ tó padà wá ìdojúkọ rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí mo ṣe lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ ti ara mi kọ́gbọ́n. Ògiri bíríkì tí kò ní pílásítà ni. Àkọsílẹ̀ òjò tí mo rí gbà jẹ́ ti ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti wákàtí. Mo pín òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 24, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì so ó mọ́ atẹ́gùn. Ìṣirò ní omi tó ń lu ògiri kò tó nǹkan. Mo fọwọ́ sí ìwé náà. Nígbà tó yá ni àkọsílẹ̀ wákàtí-wákàtí ibẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Òjò ibẹ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Wákàtí kan tàbí méjì ló fi ń rọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń bọ́ sí, nígbà tí atẹ́gùn bá le jù. Ẹ wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀: mìlímítà 24 tí ẹ tẹ́ sórí odindi ọjọ́ pẹ̀lú atẹ́gùn mítà 2 ń fún yín ní lítà tí kò pé 10. Mìlímítà 24 kan náà nínú wákàtí kan pẹ̀lú atẹ́gùn mítà 10 ń fún yín ní lítà 48. Wọ́n ti kọ́ ilé náà kí n tó mọ̀. Lọ́dún kejì, ojú ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn rin dé inú yàrá. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Láti ìgbà náà, n kì í pín òjò ọjọ́ sí wákàtí mọ́ láìwádìí bí òjò ibẹ̀ ṣe ń rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òjò líle nìkan ló burú. Òjò wẹ́liwẹ́li tó ń fi odindi ọjọ́ rọ̀ ń fún bíríkì láyè láti mu ún tẹ́rùn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú omi òjò líle ń ṣàn lọ sílẹ̀ lójú ògiri. Ti òjò líle ni pé ibikíbi tí ó bá ti rí ihò, lẹ́bàá fèrèsé, lójú ìsopọ̀, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Nítorí èyí ni ASHRAE 160 ṣe ní kí a kà á pé ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó lu ògiri ń ráyè wọ ẹ̀yìn ìbora òde, àfi tí ẹ bá ní ẹ̀rí mìíràn. Ẹ fi í sínú ìṣirò yín. Ògiri tí kò lè fara da ìdá 1 yẹn kò yẹ ní kíkọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Òpó tó ń sọ ọ́ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́tàn ni fún ẹni tó bá fẹ́ yí fáìlì padà. Ká ní ẹ mọ̀ pé àárín ìlú tí ilé yín wà gbóná ju pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ti wọn àkọsílẹ̀ lọ, tí ẹ wá fi dígírì 3 kún ìwọ̀n ìgbóná gbogbo wákàtí, ṣùgbọ́n tí ẹ fi ìdá ọ̀rinrin sílẹ̀ bó ṣe wà. Afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì 27 pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 80 ní agbára omi tó tó 2,850 Pascal nínú (Pascal ni òṣùwọ̀n bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó). Ní dígírì 30 pẹ̀lú ìdá 80, ó ti di 3,400. Ẹ ti da nǹkan bí ìdá 19 omi sínú ayé, omi tí kò ti ibì kankan wá. Ìdá ọ̀rinrin tó tọ́ fún afẹ́fẹ́ yẹn lẹ́yìn tó gbóná jẹ́ 67, kì í ṣe 80. Ìwọ̀n ìgbóná tí ìrì ti ń sẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ jẹ́ kí ìdá ọ̀rinrin tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí ń kan ilé tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù gan-an. Afẹ́fẹ́ dígírì 30 pẹ̀lú ìdá 80 yẹn, bó bá ti kan ohunkóhun tó tutù ju dígírì 26 lọ, omi á sẹ̀ lára rẹ̀. Bí inú yàrá bá wà ní dígírì 22, tí ẹ sì fi ọ̀dà tí kò jẹ́ kí omi gbà á kọjá kun ògiri láti inú, ẹ̀yìn ọ̀dà yẹn ni ògiri á ti máa làágùn, níbi tí ojú kò tó. Ó ń bu láti ẹ̀yìn kó tó hàn síta. Bí fáìlì bá ti ní omi àfikún tí kò sí lóòótọ́, ẹ óò máa bẹ̀rù ògiri tó dára. Bó bá dín kù, ẹ óò fọkàn tán èyí tó ti ń jẹrà.

Ojú ọ̀run náà ní tirẹ̀. Lálẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́ roro, òrùlé ń tú ooru jáde sókè, ojú ọ̀run kò sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní dígírì 20, òrùlé lè máa pàdánù nǹkan bí wáàtì 75 lórí mítà kan níbùú lóòró, kó sì tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ ní dígírì mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí páànù fi máa ń rin láàárọ̀ tí òjò kò rọ̀. Òpó 13 nínú EPW ló ń sọ iye ooru tí ojú ọ̀run ń dá padà. Bó bá ṣófo, EnergyPlus, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò iná ilé, á fi ìwọ̀n ìrì, ìgbóná àti bí ìkùukùu ṣe bo ojú ọ̀run ṣírò rẹ̀. Bí òpó ìkùukùu náà bá jẹ́ ayédèrú, èsì á jẹ́ ayédèrú. Ní WUFI, ètò ìṣirò ọ̀rinrin tí ilé iṣẹ́ Fraunhofer ní Jámánì ṣe, ibì kan wà tí ẹ ti gbọ́dọ̀ tan ìṣirò ìtànṣán ojú ọ̀run yìí. Bí ẹ kò bá tàn án, òrùlé yín kò ní tutù ju afẹ́fẹ́ lọ láé, ìrì kankan kò sì ní sẹ̀ sí i lára.

Ẹ ní ìṣirò iná yín bá mítà mu. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ aago rẹ̀ wò. Àpapọ̀ ọdún lè bá ara mu nígbà tí wákàtí inú rẹ̀ ti yẹ̀. Nínú EPW, wákàtí 1 ni wákàtí tó parí ní aago kan òru, oòrùn tó wà ní ìlà yẹn sì jẹ́ ti odindi wákàtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Àkọsílẹ̀ ERA5, ojú ọjọ́ gbogbo ayé tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, ń lo aago UTC, ìyẹn aago àgbáyé, kì í ṣe ti ìlú yín. Bí ẹ bá gbàgbé láti yí i padà, oòrùn á yọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ewu tó wà níbẹ̀ kọjá pé èsì sún díẹ̀. Láti mọ oòrùn tó ń bọ̀ tààrà, a máa ń yọ ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká ojú ọ̀run kúrò nínú àpapọ̀, a ó sì fi sáìnì gíga oòrùn pín in. Ká ní wáàtì 20 ló kù lẹ́yìn ìyọkúrò. Bí oòrùn bá ga ní dígírì 8, oòrùn tààrà jẹ́ nǹkan bí wáàtì 144. Bí aago yín bá ti yẹ̀, tí ètò rò pé dígírì 2 péré ló ga, ó di 573. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn á wá gba iná ọ̀run tí kò sí níbẹ̀ láràárọ̀, ẹ ó sì ra ẹ̀rọ amúlétutù tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ fún yàrá ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ ya àwòrán oòrùn ọjọ́ kan tí kò ní ìkùukùu. Bí òkè rẹ̀ kò bá bọ́ sí ìgbà tí oòrùn kàn tàrí níbẹ̀, ẹ wá ìdí.

Ibo lẹ ti máa rí àkọsílẹ̀ gidi? Ibùdó tó ń wọn òjò àti atẹ́gùn ní wákàtí-wákàtí nítòsí ilé yín ló dára jù, àní bó bá ní àlàfo díẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lo ERA5 tí ECMWF, àjọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti Yúróòpù, ń ṣe: àkọsílẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti ti ọdún 1940, fún gbogbo ayé. Mo ń lò ó gan-an, mo sì mọ àléébù rẹ̀: ojú ìwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 31, ó sì ń tẹ́ òjò sílẹ̀. Òjò wẹ́liwẹ́li inú rẹ̀ pọ̀ ju ti òótọ́ lọ, òjò líle inú rẹ̀ kò sì le tó. Mítà ló fi ń wọn òjò, kì í ṣe mìlímítà, oòrùn rẹ̀ sì wà ní joule, àpapọ̀ agbára wákàtí kan. Ẹ fi 3,600 pín in kó tó di wáàtì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, PVGIS ti ìjọba Yúróòpù àti OneBuilding ń fúnni ní fáìlì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì dára fún iná. TMY tí PVGIS ń fúnni kò ní òjò rárá.

Atẹ́gùn tí ẹ máa rí gbà, gíga mítà 10 ní gbangba ni wọ́n sábà ti wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ mítà 4 níbẹ̀, nínú ìlú tí ilé kún, ní gíga mítà 5, ó lè ku mítà 1.4 péré. EnergyPlus á ṣe àtúnṣe yìí fúnra rẹ̀ tí ẹ bá sọ irú ilẹ̀ tí ilé wà fún un. Nínú ìṣirò òjò tó ń lu ògiri, ẹ̀yin lẹ máa rò ó, àjà òkè sì yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ilé alájà mẹ́rin ni tiyín, nítorí náà, ẹ ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àjà àkọ́kọ́ àti àjà kẹrin.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò yín nìyí. Ẹ fi TMY sílẹ̀ fún iná. Fún ògiri, ẹ wá àkọsílẹ̀ àwọn ọdún gidi láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà títí di òní, torí ilé gidi lẹ fẹ́ bá wé. Ọdún tí kò ṣẹlẹ̀ rí kò lè ṣàlàyé ọ̀dà tó ti bó. Ẹ ka ìlà rẹ̀ bóyá ó pé, ẹ wá 999 àti 9999 inú rẹ̀, ẹ ro òjò ọdún kọ̀ọ̀kan pọ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó jọ iye tí a mọ̀ mọ́ ibẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò òjò tó ń lu ojú ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ojú ògiri tó ń bu àti èyí tó gbẹ sínú ètò ọ̀rinrin, pẹ̀lú ìdá 1 yẹn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré láti ọdún àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn láìdá wọn dúró. Ẹ rántí pé ògiri tuntun ní omi sìmẹ́ǹtì nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní gbígbẹ.

Bí ojú méjèèjì bá yàtọ̀ síra nínú ìṣirò bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra lójú ilé, ẹ ti rí ohun tó ń ṣe é, ẹ sì lè máa dán àtúnṣe wò lórí kọ̀ǹpútà: etí òrùlé tó yọ síta jù bẹ́ẹ̀ lọ, pílásítà tí kì í mu omi púpọ̀, tàbí àlàfo afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìbora òde. Bí ojú méjèèjì bá sì gbẹ bákan náà lẹ́yìn gbogbo èyí, á jẹ́ pé omi náà kò gba ojú ògiri wọlé. Ẹ gbé àkàbà, kí ẹ lọ yẹ abẹ́ fèrèsé àjà kẹrin àti ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri wò, lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Ẹ kọ̀wé padà sí mi pẹ̀lú ohun tí òpó 34 yín ń sọ.